Sípóòkù ẹ̀yìn mi méjì ti já, ó sì ku díẹ̀ kí n wọ Àgbádárìgì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Tíṣà Tópò, Àgbádárìgì

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn, ẹ forí jì mí. Tíṣà ni mí, oṣù Keje ni mo fẹ̀yìntì, kò sì sí ọmọ kíláàsì tí mo lè fi ipá mú gbọ́rọ̀ mọ́.

Kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn bọ̀ láti Nsawam, ìlú kan lókè Accra ní Gánà. Ilé ni mo ń lọ. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé. Mítà ara kẹ̀kẹ́ ti ka kìlómítà 341. Ouidah ní ilẹ̀ Benin ni mo wà báyìí, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé tí mo wọ̀ sí, kẹ̀kẹ́ dorí kodò níwájú mi, ó gbé ẹsẹ̀ sókè bí àgbò Iléyá tí wọ́n ti dè.

Ohun tó dé nìyí. Níjẹta, mo pẹ́ dé Grand-Popo. Mo ti gbàgbé pé bí èèyàn bá kúrò ní Tógò tó wọ Benin ní Hillacondji, wákàtí kan ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Agogo Gánà àti ti Tógò dọ́gba. Ti Benin fi wákàtí kan ṣíwájú wọn, òun ló bá tiwa mu. Mo rò pé agogo márùn-ún ni, àṣé mẹ́fà ti lù, ilẹ̀ sì ti fẹ́ ṣú. Mo wá ń kánjú, mo já sínú kòtò kan báyìí, gbìì! Mo ní kò ṣe nǹkan. Láàárọ̀ àná, bí mo ṣe kúrò ní Grand-Popo, mo gbọ́ "táń" lábẹ́ mi. Mo rò pé òkúta ló ta lu irin. Kò pẹ́, "táń" kejì. Ni táyà ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fì bí ọ̀mùtí, ó ń ha bíréèkì lọ́tùn-ún lósì. Mo sọ̀ kalẹ̀ wò ó: sípóòkù méjì, àwọn irin tín-ín-rín inú táyà, ti já, níhà ibi tí ṣéènì wà, àwọn méjèèjì létí họ́ọ̀bù, irin àárín táyà tí sípóòkù ti ń jáde, níbi tí orí wọn ti tẹ̀ bí ìkọ́. Mo tú bíréèkì ẹ̀yìn kí rímù lè ráyè yí, mo sì ń rọra gùn ún, mo ń rọra tì í, títí mo fi dé ibí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé mo ra sípóòkù mẹ́rin dání láti ilé? Mo rà á. Ṣùgbọ́n fíríwíìlì, irin eléyín tí ṣéènì ń yí lẹ́yìn, bo ihò họ́ọ̀bù níhà yẹn, n kò sì ní irin tí wọ́n fi ń tú u. Irin yẹn wà nílé, nínú páànù bísíkíìtì lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyàwó mi ti bá mi wá a rí, ó ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ó fi ẹ̀rín mẹ́ta sídìí rẹ̀.

Ìbéèrè kìíní: ṣé ọgbọ́n kan wà tí mo lè fi fi sípóòkù sí i láìtú fíríwíìlì?

Ìbéèrè kejì ló wúwo. Ouidah sí Cotonou tó nǹkan bí kìlómítà 40, Cotonou sí bodè Sèmè tó 30, Sèmè sí ilé mi kò pé 20. Ẹni tó bá lórí pípé á gbé kẹ̀kẹ́ sọ́kọ̀, á sì sùn nílé lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n mo ti búra.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 ni ìjọba Busia kéde ní Gánà pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì ló ní láti fi wá a tàbí kó káńgárá rẹ̀. Nsawam ni ìyá mi wà nígbà náà, wọ́n ń tajà lẹ́bàá ojú irin. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, bíi ọ̀pọ̀ èèyàn wa tó wà lọ́hùn-ún. Oyún mi wà lára wọn. Àwọn àti bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kó sínú bọ́lẹ́kájà, wọ́n gba ọ̀nà tí mo ń gbà yìí gan-an. Ìyá mi máa ń sọ pé ohun tó dá àwọn lóòyì ju oyún lọ ni pé dírẹ́bà ń gba ọwọ́ òsì ní Gánà, ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún ní Tógò àti Dàhòmì (Benin òde òní), nígbà tí wọ́n sì wọ Nàìjíríà, ó tún padà sósì. (Ọdún 1972 ni àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́tùn-ún, Gánà ní 1974.) Ogun abẹ́lé kò tíì parí nílé nígbà náà. Owó ọkọ̀ tán lọ́wọ́ wọn ní Àgbádárìgì. Bàbá mi ní kí wọ́n fi ọjọ́ méjì sinmi, kí àwọn wá owó tó máa gbé wọn dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ìsinmi ọjọ́ méjì náà ni wọ́n ṣì ń sinmi títí dòní. Bàbá mi ti sùn síbẹ̀.

Mo ti fẹ́ ṣe ìrìn yìí ní 2019, kó lè bọ́ sí àádọ́ta ọdún gééré. Ọdún yẹn ni wọ́n ti bodè pa, kí wọ́n sì tó ṣí i, kòrónà ti dé. Lọ́dún yìí mo mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá kúrò ní Nsawam. Mo ní n kò ní wọ ọkọ̀ kankan títí dé ẹnu ọ̀nà ìyá mi. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Alágbọn, Àgbádárìgì

Tíṣà! Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́ mi ní ìṣirò ní JSS 2? Ẹ kú ewu ọ̀nà o, sà.

Tèmi kò gùn. Ọkọ̀ tó ń lọ Cotonou pọ̀ lójú títì yẹn bí eṣú. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sí i, ẹ wọ òmíràn láti ibẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní Gbàjí, ẹ fi eruku díẹ̀ pa ṣòkòtò, ẹ wá gùn ún wọ Àgbádárìgì bí akọni. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, èmi ni ẹlẹ́rìí yín.

Mo kàn ní kí n rán yín létí pé ẹ nà mí lẹ́gba mẹ́fà lọ́jọ́ kan torí pé mo wo iṣẹ́ ẹni tó jókòó tì mí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dúró de ọjọ́ tí èmi náà á máa wo iṣẹ́ yín.

Ọ̀gá Sípánà, Ìkòròdú

Ẹ kú ìrìn, bàbá. Ọdún 22 rèé tí mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìkòròdú níbí, iṣẹ́ tí ẹ wí yìí kò le. Ẹ má tíì wọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó já a, torí bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, òmíràn á tún já. Àwọn èèyàn rò pé sípóòkù tó bá le jù ló ń já. Irọ́ ni. Èyí tó rọ̀ ló ń já. Bí táyà bá ń yí, sípóòkù tó rọ̀ á máa fà á máa dẹ̀, á máa fà á máa dẹ̀, bí wáyà tí ọmọdé ń tẹ̀ síwájú sẹ́yìn títí tó fi kán mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibi tó bá sì ti tẹ̀ létí họ́ọ̀bù ni á ti kán. Kòtò tí ẹ já sí kọ́ ló pa á. Ó ti ń kú bọ̀ láti Gánà, kòtò kàn wá sin ín ni. Níhà ṣéènì ni ìyà sì máa ń pọ̀ sí, torí fíríwíìlì ti gba àyè níbẹ̀. Sípóòkù ẹ̀gbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ fà gan-an kí rímù tó lè dúró sáàárín.

Ọgbọ́n tí ẹ béèrè wà. Ẹ fi púláyà gé orí sípóòkù tuntun kan kúrò. Ẹ tẹ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bíi lẹ́tà Z, bíi ìkọ́ tí alápatà fi ń kọ́ ẹran. Ẹ gbà á láti àlàfo tóóró tó wà láàárín fíríwíìlì àti họ́ọ̀bù, ẹ ki ìkọ́ náà bọ ihò. Bí ẹ bá ti fi nọ́ọ̀tì fà á lórí rímù, á há síbẹ̀, kò ní yọ. Ṣùgbọ́n títẹ̀ á jẹ nínú gígùn rẹ̀, nítorí náà èyí tó gùn ju tàtijọ́ lọ ni ẹ máa wá. Bí táyà yín bá jẹ́ 26, ẹ béèrè sípóòkù ti kẹ̀kẹ́ 28, ti àwọn kẹ̀kẹ́ gíga àtijọ́ yẹn, ẹ gé e mọ́ ìwọ̀n. Ẹ má gba ti ọ̀kadà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó nípọn, ihò kò ní gbà á.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé táyà náà sókè, kí ẹ máa fi ìka ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta agídìgbo. Gbogbo tẹ̀gbẹ́ kan gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dún bákan náà. Èyí tó bá dún "bùù" nínú wọn, òun ló kàn tó máa já. Ẹ fún un le, ìdajì ìdajì yíyí, ẹ má fi ìbínú ṣe é.

Ẹ wá dá mi lóhùn o: kí lẹ dì sẹ́yìn?

Kẹ̀kẹ́ Òwúrọ̀, Ìkòròdú

Ọ̀gá, mo bọ̀wọ̀ fún yín o, ṣùgbọ́n ìkọ́ Z yìí kò ṣeé gbára lé. Mo lò ó láti Ṣàgámù, kí n tó dé Ògìjó ó ti yọ, ó ń gbá férémù kéé-kéé-kéé. Kí bàbá wá ẹni tó ní òòlù àti pọ́ńṣì, kó gbá fíríwíìlì kúrò, kó fi sípóòkù gidi sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń ṣe é tí yóò parí.

Ọ̀gá Sípánà, Ìkòròdú

Ó yọ torí pé o kò fà á le. Èwo ni pọ́ńṣì? Bí wọ́n bá gbé pọ́ńṣì sójú fíríwíìlì, tí wọ́n sì gbá a síbi tí kò yẹ, ìdérí rẹ̀ ló máa ṣí, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀. Àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú rẹ̀ á dà sílẹ̀ bí ẹni da ọkà sílẹ̀ fún adìyẹ. Ìwọ ló máa bá bàbá ṣà wọ́n nínú yanrìn Ouidah?

Kẹ̀kẹ́ Òwúrọ̀, Ìkòròdú

Mo gbà. Mo ti ṣà wọ́n rí.

Tíṣà Tópò, Àgbádárìgì

Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọ̀gá Sípánà, ẹ ti mú mi. Mo fi nǹkan kan pamọ́ fún yín.

Asanka wà lórí káríà mi. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: àwo amọ̀ ńlá ni, inú rẹ̀ ní ilà wínníwínní yíká, igi kékeré kan tó fún láàárín ni wọ́n fi ń lọ ata àti tòmátì nínú rẹ̀. Apotoyewa ni àwọn míì ń pè é. Ìyá mi ní ọ̀kan ní Nsawam. Nígbà tí wọ́n ń jáde ní 1969, ẹrù pọ̀ ju bọ́lẹ́kájà lọ, wọ́n bá gbé e fún aládùúgbò wọn, wọ́n ní àwọn ń padà bọ̀ wá gbà á. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, kò sí ọjọ́ tí wọ́n lọ ata lórí ọlọ tí wọn kò sọ pé ata asanka kì í rí báyìí. Ọmọ mi ra ẹ̀rọ ìlọta oníná fún wọn, inú páálí ló wà títí di ìsinsìnyí, orí páálí náà ni wọ́n ń gbé Bíbélì lé.

Mo wá ra asanka ńlá ní Nsawam. Ó tó kìlò mẹ́rin. Mo fi aṣọ àdìrẹ wé e, mo fi rọ́bà dì í. Ara rẹ̀ ni mo ń gbọ́ ní gbogbo kòtò láti Tema, n kò tiẹ̀ rò ti sípóòkù. Kódà lórí afárá Sogakope, níbi tí àwọn tó ń ta búrẹ́dì ti ń sáré bo ọkọ̀, ọwọ́ mi kan ló wà lórí háńdù, ìkejì wà lẹ́yìn, mo ń dáàbò bo àwo.

Mo rò pé kí n fi ọ̀já pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ara mi, kí kẹ̀kẹ́ lè sinmi. Àbí ṣé asanka lè wọkọ̀ kí èmi má wọ̀ ọ́? Ṣé ìyẹn ba ìbúra jẹ́?

Ọ̀gá Sípánà, Ìkòròdú

Bàbá, ẹ̀rín pa mí. Bí ẹ bá pọ̀n ọ́n, orí ìjókòó náà kọ́ lẹ máa jókòó lé? Táyà ẹ̀yìn ló ṣì máa gbé e, ẹ kàn fi ẹ̀yìn ara yín kún un ni. Iwájú ni kí ẹ dì í sí, lórí háńdù tàbí lápá fọ́ọ̀kì. Táyà iwájú yín kò ṣe nǹkan kan láti Gánà, ó kàn ń tẹ̀lé yín ṣeré ni.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹ̀pẹ́

Mo ka èyí, mo gbé ẹja sílẹ̀. Jẹ́ kí n pè ọ́ ní àbúrò mi, torí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n lé wa. Kúmásì la wà. Bàbá mi ní ìsọ̀ aṣọ. Ẹni tó bá ní ọ̀sẹ̀ méjì láti fi ta gbogbo ìsọ̀, oníbàárà ló máa sọ iye tó fẹ́ san. Mo rántí obìnrin kan tó máa ń fún mi ní ẹ̀pà tẹ́lẹ̀, òun ló wá dúró lẹ́nu ìsọ̀ wa tó ń fa aṣọ yọ, tí kò wo ojú mi. "Alata" ni wọ́n ń pè wá lọ́hùn-ún. Nígbà tí a sì délé, "ọmọ Gánà" ni wọ́n ń pè mí, torí pé Twi ló yọ̀ lẹ́nu mi ju Yorùbá lọ. Mo jà títí mo fi gbọ́ Yorùbá tó mo lè fi bú wọn.

Ọ̀rọ̀ ìbúra rẹ: ìwọ nìkan lo búra, ìyá rẹ kò bá ọ búra. Bí o bá wọkọ̀ wálé, wọn kò ní bínú, oúnjẹ ni wọ́n máa gbé fún ọ. Ṣùgbọ́n o kò ní wọ̀ ọ́. Ẹni tó fẹ́ wọkọ̀ kì í wá béèrè lọ́wọ́ èrò, á ti wà nínú ọkọ̀.

Asanka nìkan ni n kò gbọ́dọ̀ gbọ́ pé ó wọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ju iṣu sílẹ̀ ní gáréèjì ni wọ́n máa ṣe jù ú sílẹ̀, a ó wá máa bá ọ kẹ́dùn. Dì í síwájú bí Ọ̀gá ṣe wí, fi tìmùtìmù tàbí àkísà sábẹ́ rẹ̀. Nígbà tí o bá sì gbé e dé, sọ fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n á ti mọ̀, kí wọ́n má lọ ata nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Asanka tuntun ní yanrìn. Àgbàdo gbígbẹ ni ìyá tèmi kọ́kọ́ máa ń lọ̀ nínú rẹ̀ tí wọ́n á dà á nù, tí wọ́n á tún fi omi gbígbóná ṣàn án, ìgbà mẹ́ta mẹ́rin, kó tó di àwo ata.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ta ọ̀kan ní Nsawam báyìí?

Tíṣà Tópò, Àgbádárìgì

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọ̀rọ̀. N kò ní sọ iye tí mo rà á síbí, ìyàwó mi ń kà á.

Ẹ wá gbọ́ ìròyìn. Mo ti kẹ̀kẹ́ lọ sáàárín ìlú ní agogo méjì ọ̀sán. N kò gbọ́ Faransé ju "bọ́n-jú" lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá dàgbà ní Àgbádárìgì, Ẹ̀gùn ló máa fi bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jà nílé ìwé, Ẹ̀gùn àti Fọn sì jẹ́ ọmọ ìyá. Mo fi Ẹ̀gùn béèrè, wọ́n fi Fọn dáhùn, a yé ara wa tó bí ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkìtì ṣe ń yé ara wọn, ìyẹn bí kò bá sí ìbínú nínú rẹ̀. Wọ́n júwe bàbá arúgbó kan fún mi lẹ́yìn ọjà, tó ń fọ́n táyà, tó sì kó egungun kẹ̀kẹ́ jọ bí òkìtì.

Mo fi àwòrán ìkọ́ Z tí mo yà sórí ìwé hàn wọ́n. Wọ́n wo ìwé náà, wọ́n wò mí, wọ́n ní ta ló kọ́ mi. Mo ní ọ̀gá kan ní Ìkòròdú. Wọ́n ní kí n kí i. Wọ́n fa sípóòkù méjì yọ nínú wíìlì kẹ̀kẹ́ 28 kan tó ti dípẹtà, wọ́n gé e, wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n ki ìkọ́ rẹ̀ bọ ihò. Kò gba ìṣẹ́jú ogún. Èyí tó pẹ́ ni títa. Wọ́n jókòó lé àpótí, wọ́n dijú, wọ́n ń ta sípóòkù lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọ́ ọ. Mẹ́ta sí i ló dún "bùù" yẹn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi náà ta á, wọ́n gbá mi lọ́wọ́. 1,500 seefa ni gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rá pa ṣéènì mi láìgbowó, torí iyọ̀ òkun ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti Keta tí mo ti yà lọ wo òkun.

Asanka wà níwájú báyìí, lórí háńdù, àpò ìrẹsì méjì lábẹ́ rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ wúwo láti yà, ṣùgbọ́n táyà ẹ̀yìn kò fì mọ́. Ọ̀la ni mo máa gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Atẹ́gùn ọ̀sán ń ti òkun wá, òkun sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún mi láti Aflao, bodè Gánà, ẹ̀yìn ló máa ń tì mí díẹ̀. Ẹni tó bá ń ti ilé lọ Gánà ló máa jìyà rẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ Òwúrọ̀, Ìkòròdú

Ẹ bá wa ya fọ́tò ìkọ́ náà, sà. Mo fẹ́ wo ibi tí mo ti ṣì í.

Ọ̀gá Sípánà, Ìkòròdú

Ẹ kí bàbá yẹn padà fún mi.

Tíṣà Tópò, Àgbádárìgì

Ọjọ́ kejì lẹ́yìn tí mo kọ tẹ̀yìn nìyí. Mo sùn ní Cotonou lánàá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ń jẹ́ ọ̀kadà, kó lọ dúró ní oríta kan ní Cotonou ní agogo méje àárọ̀. Àwọn zemidjan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹ́lò yí mi ká bí oyin, ọ̀kan nawọ́ kan asanka, ó ń béèrè pé ṣé ìlù ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n lù ú. Iná ojú pópó ló gbà mí.

Sèmè kò fún mi ní wàhálà. Wọ́n wo ìwé mi, wọ́n wo kẹ̀kẹ́, ọ̀kan béèrè ibi tí mo ti ń bọ̀, mo ní Nsawam. Ó ní orí kẹ̀kẹ́? Ó pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wò mí. Mo ṣẹ́ seefa tó kù sí náírà, mo ra omi tútù mẹ́ta, mo mu ún tán lórí ìdúró.

Mo ti ń kọrin nígbà tí mo gbọ́ "táń."

Kì í ṣe ìkọ́ Z o. Kẹ̀kẹ́ Òwúrọ̀, ìkọ́ méjèèjì ṣì wà níbẹ̀ dígbí. Ọ̀kan nínú àwọn ti àtijọ́ ni, níhà kan náà. Ọ̀gá ti sọ pé wọ́n ti ń kú bọ̀ láti Gánà. Kò fì púpọ̀, mo lè gùn ún bí mo bá fẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní kòtò, n kò sì fẹ́ gbọ́ èkejì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń tì í. Ẹsẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀.

Nítòsí Gbàjí ni mo wà báyìí tí mo ń kọ èyí, mo jókòó sórí igi àgbọn tó wó, mo ń mu omi àgbọn. Ìyá mi ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Wọn kò béèrè ibi tí mo dé. Wọ́n ń béèrè bóyá mo ti jẹun, wọ́n sì sọ fún mi pé àwọn ti se ọbẹ̀, ata orí ọlọ ni, kí n fara dà á. N kò tíì sọ ohun tó wà lórí háńdù fún wọn.

Ọmọ Alágbọn, Àgbádárìgì

Sà, ẹ má kúrò níbẹ̀. Mo ti gba irin fíríwíìlì yẹn lọ́wọ́ ìyàwó yín, inú páànù bísíkíìtì ló wà lóòótọ́. Ọ̀kadà ni mo gbé, kò ní pẹ́ tí màá fi dé.

Tíṣà Tópò, Àgbádárìgì

Ó ti dé. Ó bá mi tú fíríwíìlì, ó fi sípóòkù gidi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ó ṣe é dáadáa, ó ju bó ṣe ń ṣe ìṣirò lọ. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé asanka lórí ọ̀kadà, kí n lè gùn ún fúyẹ́ wọlé.

Mo ní kó máa rọra bọ̀ lẹ́yìn mi.